Ọjọ́ tí Ìyá Mi Pe Rédíò Nítorí Iná

Ọ̀sán gangan ni wọ́n gbé tiransifọ́mà àdúgbò wa lọ ní Oǹdó, kì í ṣe òru. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn, nítorí olè a máa bojú. Àwọn wọ̀nyí kò bojú. Wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn wá, wọ́n wọ aṣọ ilé iṣẹ́ iná, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tún un ṣe. Wọn kò fi ìwé sílẹ̀, wọn kò dárúkọ ẹni tó rán wọn, wọn kò sọ ìgbà tí wọn yóò dá a padà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló bá wọn gbé e sọ́kọ̀. Ìyá mi, tó ń ta ẹja yìnyín níwájú ilé wa, sì bu omi fún wọn mu. Omi tútù tó jáde kẹ́yìn nínú fírísà rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà náà le. Epo bẹntiróòlù ti gbówó lórí débi pé àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ da aṣọ bò ó bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹja yìnyín kò sì mọ̀ pé ìlú le. Bí iná ò bá sí, yóò rà. Ìyá mi wá ń lọ ra yìnyín ní apá ibòmíràn nínú ìlú, ó ń kó o sínú kúlà, ó ń ta ìwọ̀nba ẹja tí kúlà gbà. Ó sọ fún mi pé bí iná ò bá dé kí Kérésì tó wọlé, òun yóò ta fírísà náà, òun yóò sì padà sínú oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ìyá tí orúnkún ń dùn ni yóò máa gun òkè lọ gé kòkó.

Èmi ń gbé Àkúrẹ́, ní Ìsìkàn, mo ń ṣe tíṣà. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gbé ẹ̀sùn mì. Ibi tí mo sì máa ń gbé e lọ ni ilé iṣẹ́ rédíò kan tí kò ní ọjà mìíràn ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹni tó dá rédíò náà sílẹ̀ kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Orin ló fẹ́ máa gbé sáfẹ́fẹ́. Ó ra ẹ̀rọ àlòkù, ó háyà òkè ilé alájà kan tí àwọn aránṣọ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìlú wá le, tí epo dísù tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀ di góòlù, àwọn tó ń ṣètò orin àti eré wábi gbà lọ. Ó ku atọ́kùn kan, ẹnjiníà kan, àti fóònù méjì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé nǹkan kan wà tí aráàlú lè máa gbé wá fúnra wọn láìgba kọ́bọ̀: ìbínú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹnu wa ṣe rédíò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Wọ́n á gbé fóònù síwájú gbohùngbohùn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Fóòmù ibùsùn ni wọ́n gé mọ́ ògiri, síbẹ̀ bí ẹ bá tẹ́tí, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré nísàlẹ̀. Bí òjò bá lu páànù, atọ́kùn á ní kí ẹni tó fẹ́ pè ní sùúrù, òjò ló ń sọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kì í tan ẹ̀rọ amúlétutù, nítorí dísù. Atọ́kùn sọ fún mi pé èyí gan-an ló ń mú ètò náà dùn, pé ọ̀gá tó bá ń làágùn kì í pẹ́ ṣèlérí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á jẹ́, mo sì ti sọ ọ́ lójú wọn: ìkíni. Ẹni tí odò wọlé bá ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ á pè, á kí atọ́kùn, á kí ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, á kí ẹnjiníà, á kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ wọn lóko. Ibi tó bá ti fẹ́ dé orí omi, káàdì rẹ̀ á tán, omi á sì máa wọlé lọ. Nígbà kan atọ́kùn gbìyànjú. Ó kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kí òun mọ́, kí wọ́n kọjú sí ọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè kí i kú ọgbọ́n orí tó fi ronú kan irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹni kejì, bàbá àgbàlagbà kan, ní òun kò ní ẹ̀sùn, òun kàn fẹ́ mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Òfin náà kò pẹ́ tó ètò ọ̀hún láyé.

Èmi kì í kí. Mo sọ ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà wa léraléra. Mo sọ ti ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà, mo sọ ibi tí ara tiransifọ́mà náà ti tẹ̀ wọnú, mo ní gbígbé ohun ìní aráàlú lọ láìfi ìwé sílẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́ lábẹ́ òfin. Atọ́kùn á ní, "Tíṣà wa, a ti gbọ́," á sì ka ìpolówó oògùn inú rírun.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan pé ọ̀gá tó ń bójú tó iná lápá Oǹdó ń bọ̀ wá sí sítúdíò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rò ó pé bí èmi bá tún sọ ọ́, wọn yóò ní tíṣà oníwàhálà yẹn náà ni. Bí ìyá àgbàlagbà bá sọ ọ́, ojú yóò ti ọkùnrin náà. Ni mo bá kọ́ ìyá mi lórí fóònù. Mo ní kó má kí i rárá, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tútù tó fún wọn mu, kó tó bọ́ sórí ọkọ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ṣé mo rò pé òun ò gbọ́n ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Mo jókòó ti ẹnjiníà lẹ́yìn gíláàsì, mo ń wo ọ̀gá oníná tó ń fi háńkáṣíìfù nu ọrùn. Gbogbo ẹni tó pè ló ń dá lóhùn pé àwọn ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Lẹ́yìn náà ni ìpè ìyá mi wọlé. Bí ọkùnrin náà ṣe gbọ́ ohùn àgbà tó ń sọ èdè Oǹdó, ó yọ ẹ̀rọ etí, ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ sítúdíò, lórí rédíò tí ẹni tó pè kò ti lè rí i. Orí rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì.

"Màmá, mo dọ̀bálẹ̀ o," ó ń sọ ọ́ láti abẹ́ tábìlì. "Ọmọ Èkìmògún lèmi náà, ọmọ Oǹdó gan-an."

Atọ́kùn bá a jẹ́rìí fún aráàlú pé lóòótọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀.

Ìyá mi béèrè ọmọ ta ni. Ó sọ agbolé wọn. Ìyá mi ní, ṣé ìyá tó ń ta àdín nígbà náà ló bí ìyá rẹ̀? Ó ní òun ni. Ọ̀rọ̀ wá dùn. Ìyá mi ní àdín ìyá àgbà yẹn lòun fi pa ọmọ òun lára títí ọmọ náà fi rìn, ìyẹn èmi tí mo jókòó síbẹ̀. Ẹnjiníà yíjú wo ara mi. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì ya àwòrán tiransifọ́mà sójú gíláàsì, bí ẹni pé ìyá mi lè rí mi láti Oǹdó.

"Ọmọ mi," ni ìyá mi wí, "o ṣeun fún tiransifọ́mà wa tí o ń gbé bọ̀. Bí o ṣe fẹ́ tan iná sílé wa, iná tìrẹ ò ní kú."

"Àmín, mà."

"Kérésì yìí ò ní bá ìwọ náà nínú òkùnkùn."

"Àmín."

"Ìyá rẹ yóò gbọ́ ọpẹ́ rẹ lẹ́nu wa."

"Àmín o, Màmá."

Fóònù já. Káàdì ti tán.

N kò lè sọ bí inú ṣe bí mi tó. Kò mẹ́nu ba ọkọ̀, kò mẹ́nu ba omi tútù, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn tó gbé nǹkan rẹ̀ lọ. Mo pè é padà, mo béèrè ohun tó ṣe yẹn. Ó ní ọkùnrin náà kí òun, òun sì dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n Oǹdó kò gbọ́ ẹ̀sùn. Ohun tí Oǹdó gbọ́ ni pé tiransifọ́mà ń bọ̀. Kí ọjọ́ tó rọ̀, àwọn obìnrin àdúgbò wa ti lọ kí ìyá ọkùnrin náà kú oríire ọmọ. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n dúpẹ́ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan wá ń pè é ní àárọ̀ àti alẹ́ pé ìgbà wo ló ń gbé e dé. Ọ̀gá lè sá fún ìlérí. Ta ni yóò sá fún àmín tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe, tí gbogbo ìlú gbọ́?

Tiransifọ́mà dé kí Kérésì tó wọlé. Fírísà ìyá mi gbọ̀n, ó hùn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń yọ̀. Èmi lọ wo ara tiransifọ́mà náà yí ká, kò sí ibi tó ti tẹ̀ wọnú. Ẹnìkan ti fi ọ̀dà funfun kọ "Má ṣe tọ̀ síbí" sí i lára, a kò sì kọ irú ẹ̀ sí tiwa rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan pe rédíò láti òpin Oǹdó, lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ó ní wọ́n wá gbé tiransifọ́mà àwọn lọ tún ṣe, èyí tí wọ́n kọ "Má ṣe tọ̀ síbí" sí lára.

Mo lọ bá ìyá mi, mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ lórí rédíò. Ó ń fọ ẹja, kò gbójú sókè.

"Kí wọ́n wá gbé e lọ, kí n lọ máa gé kòkó?"

Ìwà tí wọ́n hù kò dára; ìyá mi náà sì gbọ́dọ̀ ta ẹja. Síbẹ̀ mo pe rédíò, mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Atọ́kùn sáré ka ìpolówó oògùn inú rírun. Ilé iṣẹ́ iná ní àwọn kò mọ ohun tí mo ń wí. Ìyá mi kò gbé ìpè mi mọ́.

Àwọn obìnrin ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ wá sí àdúgbò wa láti fi ojú ara wọn rí tiransifọ́mà náà. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣán aṣọ mọ́dìí kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, àti pé méjì nínú wọn ń ta ẹja bíi ti ìyá mi. Ìyá mi jáde sí wọn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní, "Àwọn ẹlẹ́ja méjì láti ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ti kó ẹja wọn wá sọ́dọ̀ mi. Mo fún wọn ní apá kan fírísà, kò gba ẹja wọn tán. Ìgbà wo ni ọmọ-ọmọ aláàdín yẹn tún ń bọ̀ wá sí rédíò?"

Mo ní n ó béèrè.

"Béèrè lónìí," ni ó wí. "Kí o sì fi káàdì ránṣẹ́ sí mi, kó pọ̀ díẹ̀. Àwa mẹ́ta la fẹ́ kí i."