Ikùn Tí Hàwáwù Fi Ọ̀já Dì

Ọ̀kẹ́ méjì náírà ni Hàwáwù yá lọ́wọ́ Sherifat, àbúrò rẹ̀, nítorí orúnkún. Fọ́tò eegun, káàdì ilé ìwòsàn àti ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ọjọ́ kan ló jẹ owó náà tán. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Kawo, ní Kàdúná, níbi tó ti ń ta ọṣẹ àti àtíkè. Bí kò bá lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ọjà parí nìyẹn.

Dókítà ní tìmùtìmù àárín eegun orúnkún ti gbó, kò sí oògùn tí yóò dá a padà. Kí ó lọ fún ikùn àti ìbàdí lágbára, kí ẹrù ara má baà já lé orúnkún nìkan.

"Orúnkún ló ń dùn mí, ẹ ní ikùn," ni Hàwáwù wí. "Bí orí bá fọ́ mi lọ́la, ẹsẹ̀ lẹ máa fi oògùn pa."

Tómilọ́lá, ọmọbìnrin tí yóò kọ́ ọ, rẹ́rìn-ín. Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Hausa rẹ̀ já gaara, Yorùbá rẹ̀ ń tiro. Ó ní, "Màmá, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ di ikùn yín dáadáa, ẹ wá gbé ìdí sókè. Dídì yẹn ni pàtàkì o."

Hàwáwù délé, ó wá ọ̀já jáde, ó di ikùn pinpin bí ìyá ọmọ tuntun. Bó bá fẹ́ gbé ìdí, ọ̀já a gé e lára, kò ní lè mí. Ó pa ìdí gbígbé tì. Dídì ṣáà ni pàtàkì.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìjókòó ló fi ń gun àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tí kò tíì rìn. Ó padà lọ bá Tómilọ́lá.

"Màmá, ta ló ní kí ẹ so ọ̀já?"

"Ìwọ ni. O ní kí n dì í."

"Mo ní kí ẹ fún un pọ̀ láti inú ni. A matse ciki."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé mi ò gbọ́ Hausa ni?"

"Mo rò pé Yorùbá lẹ máa fẹ́, Mà."

Ikùn tí ọ̀já ti ń bá ṣiṣẹ́ ti rọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó di kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ọjọ́ àtisan owó ṣọ́ọ̀bù sì ti pé. Hàwáwù ta ọjà tó kù fún Zuwera, aládùúgbò rẹ̀ lọ́jà, ní iye tí kò tó owó tó fi rà á, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ọ̀kẹ́ méjì pé ṣánṣán ló kó fún Sherifat.

"Àǹtí mi, ẹ ò bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín kọ́kọ́ sàn."

"Gbèsè ni mo mọ ọjọ́ tí n óò san án," ni Hàwáwù wí. "Kà á."

Sherifat kà á. Ó pé.