Ọgbà ọ̀dùnkún wa ni wọ́n gé

Irọ́ ni ẹ gbọ́ o, wọn ò gé mi lọ́wọ́. Ọgbà ọ̀dùnkún ìjọ wa ní Lakpazee, nílùú òkèèrè tí mò ń gbé, ni wọ́n gé, níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń já ewé ọ̀dùnkún sebẹ̀.

Ọkùnrin tó fẹ́ fipá kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ kó jàǹdùkú wá láàárọ̀. Ó fi ẹ̀yìn àdá fọ́ mi lórí, ẹ̀jẹ̀ bò mí lójú.

Ó ní, “Ọmọ Nàìjíríà, torí ewé lo ṣe fẹ́ kú?”

Mo ní, “Kọ́kọ́ gé mi ná!”

Wọ́n gé ọgbà náà balẹ̀.

Aládùúgbò wa, Ìyá Hawa, bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin òpè! Ìtàkùn tí ẹ gé yẹn la fi ń gbìn ín!”

Ó lóṣòó, ó ń gbìn. Mo ka èèyàn mọ́kànlá tó bá a gbìn, mo ṣíwọ́ kíkà.

Tí ọkùnrin yẹn bá tún gé e lọ́la, ta ló máa wá bá wa gbìn nínú yín?