Ẹ Káàbọ̀ Tí Àbúrò Mi Kí Olè

Ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ ti àbúrò mi, alágbàfọ̀. Ẹ má retí ìjàpá níbẹ̀ o.

Látìgbà tó ti lọ́kọ ló ti ń lọ aṣọ aláṣọ. Yàrá ẹ̀yìn ló ti ń ṣe é, ó máa ń kọjú sí fèrèsé, ó á kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn náà lọkọ rẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, àbúrò mi á ní, "Ẹ káàbọ̀," ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára aṣọ. Ọkọ á ní, "Kúulé o." Gbogbo ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí wọ́n ní nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn dún. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Kẹ́kẹ́ pa. Ó yíjú, ó rí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó yọ ọ̀bẹ.

"Bó o bá pariwo, mo gún ẹ."

Ó ń bọ̀ wá bá a. Ayọ́ọ̀nù gbígbóná ló wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó fi gbá a lójú. Ọkùnrin náà ṣubú yakata, ọ̀bẹ fò lọ.

Àbúrò mi padà sídìí tábìlì, ó ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó kù. Ibẹ̀ làwọn aládùúgbò bá a, tí olè ń kérora nílẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ò rí èèyàn nílẹ̀ ni?"

"Mo rí i."

Olè ò kú, àmọ́ ojú rẹ̀ kan fọ́. Ni wọ́n bá gbé àwọn méjèèjì lọ sí kóòtù: olè nítorí ọ̀bẹ, àbúrò mi nítorí ojú. Bí àbúrò mi bá jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ni. Ó sì ti ro gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá, kò yọ ẹ káàbọ̀ sílẹ̀. Lọ́yà olè gbá ẹ káàbọ̀ yẹn mú bí ajá ṣe ń gbá eegun mú.

"Olúwa mi, ó kí i káàbọ̀! Ta ní í kí olè káàbọ̀? Àlejò ló fọ́ lójú, ó tún wá ń lọ aṣọ!"

Ọkọ àbúrò mi ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àbúrò mi alára jókòó bí ère.

Adájọ́ kọjú sí olè. "Nígbà tó kí ọ, kí lo fi dáhùn?"

"Mi ò dáhùn, Olúwa mi."

"Àlejò wo ni wọ́n kí káàbọ̀ tí kò ní dáhùn pé kúulé?"

"Há! Bí mo bá sọ̀rọ̀, ṣebí á mọ̀ pé èmi kọ́ lọkọ òun!"

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà olè rọra jókòó.

Adájọ́ ní òfin ò ní kí onílé dúró kí wọ́n gún òun lọ́bẹ nínú ilé òun; àmọ́ bí ọ̀tá bá ti ṣubú, èèyàn ò gbọdọ̀ tún un lù.

"Ìyá, ṣé ẹ tún un lù?"

"Rárá. Aṣọ ni mo padà sí."

Wọ́n bi olè, òun náà ní kò tún òun lù. Adájọ́ ní kí àbúrò mi máa lọ láìjẹ̀bi.

Níta, ọkọ rẹ̀ ń fò sókè bí ọmọdé. Àbúrò mi fà mí láṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kó o máa lọ sílé."

"Ilé wo? Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún lẹ́yìn mi yẹn?"

Mo wo ojú rẹ̀: kò sí ẹkún, kò sí ẹ̀rín. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo mú un lọ sílé tèmi.