Irun Ìpéǹpéjú Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tọ́ mi dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá wa kú, òun sì ti wà nílé ọkọ. Ó wá mú mi lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, ó di aṣọ mi sínú báàgì ìrẹsì, ó ní òun kò lè fi mí sílẹ̀ fún àwọn ọkùnrin tí wọn kò mọ ìgbà tí ọmọ jẹun. Òun ló rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun lónìí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kò rọrùn fún mi láti kọ.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Odòde, lójú ọ̀nà tí àwọn tó ń wá gun òkè máa ń gbà kọjá. Gíláàsì ojú ni mò ń tún ṣe. Mo ń pààrọ̀ lẹ́ńsì, mo ń so apá férémù tó já, mo sì ń ta gíláàsì ìkàwé fún àwọn àgbà tó ń na Bíbélì tàbí Kùránì sí ọ̀nà jíjìn kí wọ́n tó lè kà á. N kò lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ti gbà mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́. Mo ra ìwé àwọn dókítà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú dikiṣọ́nárì. Ojú ewé kan lè gbà mí ní ọjọ́ méjì. Mo mọ̀ pé nínú ìpéǹpéjú òkè nìkan, àpò ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó bí ọgbọ̀n ló wà, wọ́n tò bí eyín òòyà, ọ̀rá tó ń ti ẹnu wọn jáde ni kì í jẹ́ kí omi ojú wa gbẹ. Mo máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà tó kàn wá dè nọ́ọ̀tì gíláàsì rẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà. Mo máa ń ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ẹ̀gbọ́n mi wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì gbé ojú òsì rẹ̀ síwájú mi bí ẹni tó gbé bàtà tó já wá.

"Dókítà, wo èyí. Àwọn ará ilé ní mo yọjú wo ìhòòhò ẹni tí n kò gbọdọ̀ wò."

"Ta lẹ wò?"

"Ní ọjọ́ orí mi yìí? Ta ló kù tó tó wò?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, opó tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ bójú tó oko kòkó ọkọ rẹ̀. Mo fọ ọwọ́, mo yí ìpéǹpéjú òkè rẹ̀ sókè, mo fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Ohun kan wú níbẹ̀, ní apá ibi tó súnmọ́ etí. Kò pọ́n, kò sì dùn ún. Ó le bí hóró ẹ̀wà tí a fi awọ bò. Mo ní ẹnu àpò ọ̀rá kan ló dí. Mo ní kí ó máa fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó ṣe é bí mo ṣe wí, ohun náà sì fà sẹ́yìn. Inú mi dùn bí ẹni tó mú ẹja.

Kí oṣù méjì tó pé, ohun tó wú náà ti padà. Mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì náà yí ìpéǹpéjú sóde, ó là á, ó sì ha ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Mo dúró tì í, mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Ohun tó jáde náà funfun díẹ̀, ó pupa díẹ̀, ó rọ̀ bí òrí. Nọ́ọ̀sì náà fi òwú gbá a jọ, ó jù ú sínú ike ìdọ̀tí. Mo wo bí ó ṣe ń jù ú. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí ẹnì kan mú un kí ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó tún padà lẹ́ẹ̀kẹta, ní ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an.

Ìjọ aládùúrà ni ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, òun ló sì ń tọ́jú àbẹ́là níbẹ̀. Nínú ìjọ tiwọn, wọn kì í fi ẹnu fẹ́ àbẹ́là pa. Wọ́n ní ẹnu tó ń purọ́ kò gbọdọ̀ pa iná àdúrà. Ẹni tó bá fẹ́ pa á yóò ti ìka méjì bọ omi, yóò sì fi fún òwú náà títí iná á fi kú. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò rí ohun tó súnmọ́ ọn dáadáa mọ́, ó sì kọ̀ láti wọ gíláàsì tí mo fún un pẹ̀lú sùtánà rẹ̀, ó ní ó ń jẹ́ kí òun jọ ọ̀gá ilé ìwé. Nítorí náà, ó máa ń tẹ orí ba títí ooru iná á fi kàn án lójú kí ó tó rí òwú tó fẹ́ fún.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo wá mú un lẹ́yìn ìsìn. Ó jáde láìwọ bàtà sínú oòrùn, mo sì rí i kedere pé irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ti tán lórí ibi tó wú yẹn. Àlàfo náà fẹ̀ tó èékánná ìka mi tó kéré jù. Irun tó kù lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀ pé. Àbẹ́là ló jó o, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ náà ń bá a ṣẹ̀fẹ̀:

"Ìyá Alábẹ́là, ẹ rọra o. Àbẹ́là la ní kí ẹ máa tàn, a ò ní kí ẹ fi ara yín tàn án."

"Bí mo bá tàn, ṣebí ẹ ó rí ọ̀nà ilé," ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún wọn níbẹ̀ pé irun ìpéǹpéjú kì í pẹ́ hù, pé tó bá ti di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méjọ, yóò ti padà. Wọ́n mi orí. Ó dùn mọ́ mi pé wọ́n ń gbọ́ mi.

Irun náà kò hù. Ìpéǹpéjú náà nípọn sí i, bèbè rẹ̀ di rúsúrúsú bí ọ̀rá adìẹ. Nígbà tó yá, ẹyinjú fúnra rẹ̀ pọ́n. Gbogbo ìlú ń ṣe apòlò lákòókò náà, a sì pè é ní apòlò. Apòlò àwọn ẹlòmíì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tirẹ̀ kò lọ. Àkókò kòkó ti dé, ó ń lọ sóko pẹ̀lú ìborùn tó fi bo ojú òsì, ó ní oòrùn ń ta á. Báyìí ni ọdún kan ṣe kọjá láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ jókòó sórí àga mi.

Ọ̀sán kan tí oníbàárà kò sí, mo ń ka orí ìwé kan tí n kò tíì kà rí, lórí àwọn àrùn ìpéǹpéjú tí kì í wọ́pọ̀. Mo ń kà á fún ìgbádùn ni. Ìwé náà sọ pé jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn àpò ọ̀rá yẹn, pé ó máa ń jọ àpò tó dí lásán, pé àgbà ló sábà máa ń mú. Bí ohun tó wú bá padà sí ojú ibi kan náà, bí irun ìpéǹpéjú tó wà lórí rẹ̀ bá sì re, kí dókítà gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mo ka gbólóhùn náà, mo sì tún un kà.

Mo ronú nípa iná. Irun tí iná bá jó máa ń fi kùkùté sílẹ̀, orí rẹ̀ á ká, á sì rùn. Iná tó bá jó irun ìpéǹpéjú òkè kò ní ṣàì kan ti ìsàlẹ̀, ó sì lè dé irun tó wà lókè ojú. Ojú ẹ̀gbọ́n mi dán níbẹ̀ bíi pé irun kò hù níbẹ̀ rí. Mo ti wò ó pẹ̀lú gíláàsì mi, ó ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà lọ sílé rẹ̀. Ó ń fi igi ro kòkó tó sá sójú oòrùn, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́, àpáta ńlá ẹ̀yìn ilé sì tàn yòò nítorí òjò àárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ wo ni àbẹ́là jó yín lójú?"

"Àbẹ́là wo?"

"Ti ilé àdúrà. Èyí tó jó irun ojú yín."

Ó dúró, ó fi ara ti igi tó fi ń ro kòkó. "Iná kankan kò jó mi. Mo kàn rí i pé irun ò sí níbẹ̀ mọ́ ni. Ìwọ lo ní àbẹ́là ni."

"Èmi?"

"Ìwọ. Níwájú ilé àdúrà. O tún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwọ tí o mọ ojú ju gbogbo wa lọ, bí o bá ti sọ̀rọ̀, kí ni kí n tún sọ?"

Nígbà náà ni ó padà sí mi lọ́kàn. Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà lọ́jọ́ náà. Mo rí ojú rẹ̀, mo ní "Àbẹ́là ti jó yín," bàbá àgbà náà sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó fi ṣẹ̀fẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ọjọ́ kejì. Dókítà ibẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó gé nǹkan tí kò tó hóró ìrẹsì, ó fi sínú ìgò kékeré tó ní omi oògùn, ó ní kí a padà wá. Nígbà tí a padà dé, ó fi àwòrán hàn wá. Jẹjẹrẹ àpò ọ̀rá ni, ó sì ti gba ẹ̀yìn ìpéǹpéjú wọ inú kòtò ojú. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa kó jáde: ìpéǹpéjú méjèèjì, ẹyinjú, ọ̀rá tó yí i ká, àwọn iṣan tó ń yí i, títí dé egungun. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé iṣan mẹ́fà ló ń yí ẹyinjú. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu mi kí n ṣàlàyé.

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí, kò bi dókítà:

"Bí a bá tètè wá ńkọ́, ṣé ẹyinjú mi ì bá kù?"

Dókítà wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe kó kù," mo ní.

"O ò mọ̀ ọ́n."

"Ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n."

"Ó yẹ," ó ní. "O ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n gé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan rẹ̀, wọ́n fi tẹ́ inú kòtò náà. Nígbà tó délé, ó ní kí a kó gbogbo dígí kúrò nínú iyàrá. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbìyànjú láti máa fọ ojú náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń sunkún sí i, ìyẹn sì ń bí i nínú. Ó ránṣẹ́ pè mí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú báńdéèjì, ó di ọwọ́ mi mú kí n tó fi òwú kàn án.

"Láti òní lọ, ohun tí o bá rí ni kí o máa sọ fún mi. Má sọ ohun tí o mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Láràárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo fi omi iyọ̀ tí a ti sè fọ ọ́, mo sì ń sọ: ibí ti mú awọ, ibí ṣì tutù, èépá kan ti ká kúrò ní ìsàlẹ̀ níhà imú. Ó máa ń bi mí ní ìbéèrè.

"Ṣé kòtò náà á gba ẹyin adìẹ?"

"Kò lè gbà á. Ó lè gba ti àparò."

"Nígbà náà, kì í ṣe ilé ńlá ni wọ́n wó."

Báyìí la ṣe fún oṣù mẹ́jọ. Ó padà sí ilé àdúrà pẹ̀lú aṣọ funfun tó rán bo ojú náà. Dókítà ń wò ó, ó ní kò sí nǹkan. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí rí oorun sùn lóru.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo tú aṣọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ní òkè, níhà etí, níbi tí awọ itan ti pàdé awọ ojú, mo rí nǹkan kan tó yọ. Kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ó ní àwọ̀ rúsúrúsú yẹn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ iwájú etí rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ tọ́, mo sì kan kókó kan lábẹ́ awọ, ó le, kò ṣeé tì.

"O dákẹ́," ó ní.

Mo lè pè é ní èépá. Òtútù ń gbẹ ara gbogbo ènìyàn, èépá kò sì ṣọ̀wọ́n. Yóò gbà mí gbọ́.

"Mo rí ohun kan lókè, níhà etí. Ó tó ọkà bàbà. Ó dà bí ti àkọ́kọ́. Kókó kan tún wà níwájú etí yín."

"Fi ìka mi lé e."

Mo mú ìka rẹ̀, mo fi kan ti òkè náà. Ó fọwọ́ tọ́ ọ wò díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ sí iwájú etí láìjẹ́ pé mo júwe ibẹ̀ fún un.

"Èyí ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mò ń dúró dè ọ́ ni."

A padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Jẹjẹrẹ náà ti dé ọrùn, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò fẹ́ ọ̀bẹ mọ́. Ó kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ní iyàrá rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti fọ ojú náà tán fún ọjọ́ náà.

Nígbà ìsìnkú, àwọn ènìyàn ń bi mí léèrè irú ojú wo ló ń pa ènìyàn. Bàbá àgbà inú ìjọ yẹn, tó bá a ṣẹ̀fẹ̀ àbẹ́là, náà bi mí. Mo mú un jókòó, mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ohun tí mo rí, àti ohun tí mo pè é.