Àgbá Tí A Fi Àbẹ́là Dí

Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé ọtí ń mí. Kò sì fi ṣe àwàdà. Bó bá ti rọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sínú akèǹgbè tán, á fi ewé wé ṣùkù àgbàdo, á fi dí i lẹ́nu láìtẹ̀ ẹ́ wọlé gírígírí. Bó bá sì ń kọjá lọ kọjá bọ̀, á dúró, á yọ ṣùkù náà díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ṣììì, òun náà á sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ara tù. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, mo sì gbọ́n lójú ara mi. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ arúgbó.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, Àpòmù ni mo lọ́kọ sí, ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fẹsẹ̀ rìn ín láti ìlú kan dé èkejì, ṣùgbọ́n bàbá mi ṣe é bí ẹni pé òkè òkun ni mò ń lọ. Kò fẹ́ràn ọkọ tí mo mú wá. Ó ní ọmọ tó bá dàgbà nídìí ìkòkò ọtí, àdá kì í yá a gbé. Ó gbà nígbẹ̀yìn, àmọ́ bí ẹni ń gbé àgbo kíkorò mì ló ṣe gbà, gbogbo ilé ló sì mọ̀.

Ìyá ọkọ mi kò bi mí léèrè ohun tí bàbá mi sọ. Ó kàn fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ mi ni. A ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó tẹ́ ẹ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó hù, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí. Bó bá tutù tí a sì sẹ́ ẹ, a ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àtijọ́ sí i, òun ló ń jí i. Gbogbo èyí yé mi kíákíá. Èyí tí kò yé mi ni ti ẹ̀mí inú rẹ̀: bó bá jáde jù, ọtí á kú, bí kò bá rí ibi jáde, á wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àárín méjèèjì ni ìyá náà ti ń jẹun láti ìgbà èwe rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ru akèǹgbè lọ fún oníbàárà wa kan, bàbá káfíńtà. Mo ń sáré nínú oòrùn, ṣùkù fò kúrò lẹ́nu akèǹgbè, ìfófòó bò mí lórí títí dé àyà. Ìwọ̀nba tó kù, kò hó mọ́. Bàbá náà tọ́ ọ wò, ó wá bi mí pé ta ló kú nílé wa tí ọtí fi ń ṣọ̀fọ̀. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo búra pé ìfófòó kankan kò ní jáde mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọdún yẹn náà ni bàbá mi fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kò lè rìn dé oko kòkó rẹ̀ lẹ́yìn Ìkirè, koríko sì bo ibẹ̀. Ọkọ mi ní òun á pe ọ̀wẹ̀ fún àna òun. Ọ̀wẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ owó. Ẹni tó pè é ló ń bọ́ àwọn tó wá, òun ló sì ń fún wọn lóhun mímu. Bí ọtí bá dáa, wọ́n á máa kọrin ro oko títí di ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá sí ọtí, oòrùn kò ní tíì kàn wọ́n lórí tí oníkálukú á fi rántí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ nílé. Bí wọ́n bá sì tú ká lójú bàbá mi, ohun tó ti ń sọ nípa ọkọ mi á di òótọ́ títí ayé. Mo mọ èyí, kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ọkọ mi ti ra àgbá onípákó kékeré kan láti Ìbàdàn, tí wọ́n fi òrùka irin dì. Inú rẹ̀ la rọ ọtí ọ̀wẹ̀ náà sí. Ìyá ọkọ mi fi ṣùkù dí i gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wọlé lọ múra. Ni mo bá yọ ṣùkù náà. Mo gbẹ́ igi, mo fi òkúta kàn án wọlé, mo yọ́ àbẹ́là yí i ká títí èéfín kò fi lè gbabẹ̀ kọjá. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Ọkọ mi àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ sóko kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ wọ bọ́lẹ̀kájà. A kò tíì rìn jìnnà tí àgbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ọkọ̀ kó sí kòtò kan, òrùka irin kan já, pákó là, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ sì dà lu gbogbo wa. Bàbá mùsùlùmí kan wà níbẹ̀ tó wọ funfun balau, tó ń lọ síbi tí àwọn àlùfáà ti fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu aṣọ bàbá náà. Bàbá náà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní Ó kúkú rí i pé òun kò fẹnu kàn án.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mú igi tí mo fi dí àgbá. Ó wo àbẹ́là ara rẹ̀, ó wò mí, ó jù ú sígbó. Mo ń sunkún, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bọ́ sílẹ̀.

"Sun ún tán kí a tó dé oko," ló sọ fún mi. "Ẹkún kọ́ la pe àwọn èèyàn wá wò."

Nígbà tí a dé, àwọn ọkùnrin náà gbójú sókè. Akèǹgbè kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa, èyí tí ìyá gbé dání láti fi kí bàbá mi. Bàbá mi jókòó lábẹ́ kòkó, ó na ẹsẹ̀ dídì. Ó béèrè ibi tí ọtí wà. Ó wo ọkọ mi, ó wá wò mí, ó ní ṣé ohun tí wọ́n fi ọmọ òun dà nìyí, ẹni tí kò lè gbé nǹkan dé ibi tí wọ́n rán an. Ọkọ mi kò mọ nǹkan kan, ó kàn dúró pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Mo la ẹnu láti jẹ́wọ́. Ìyá di ọwọ́ mi mú pinpin.

"Ẹ má wo ọmọ yín, àna wa," ó wí. "Èmi ni mo fi àbẹ́là dí àgbá náà. Ó bẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ọkọ̀."

Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí gbogbo Àpòmù ń mu ọtí rẹ̀, òun ló ṣe àṣìṣe tí ọmọ àná kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹnì kan tiẹ̀ jókòó sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìyá fún ẹni tó ń mutí ní ẹnu kan ẹnu kan nínú akèǹgbè náà, ó fún àwọn mùsùlùmí inú wọn ní ẹ̀kọ mímu, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba àdá lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko. Ojú ti àwọn ọkùnrin náà láti fi arúgbó sílẹ̀ nínú koríko. Wọ́n parí oko náà kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, ó pè é ní ọmọ òun, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bí a ṣe ń padà, mo bi ìyá pé kí ló dé tó fi ru ẹ̀bi mi.

"Orúkọ tèmi ti bọ́ mi yó," ó ní. "Tìẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa ra ọtí lọ́wọ́ rẹ lọ́la?"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bi í ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ọtí sílẹ̀ pé ṣé kò fi àbẹ́là dí tèyí. Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò sọ òótọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú, ọmọ rẹ̀ tó bí nínú rẹ̀ pàápàá kò gbọ́. Lẹ́yìn òmìnira, èmi ni mo jókòó sídìí ìkòkò náà. Ọtí mi tà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òun ni mo fi rán àwọn ọmọ níléèwé. Àwọn oníbàárà máa ń yìn mí pé mo fara balẹ̀ ju ìyá ọkọ mi lọ, pé èmi kò jẹ́ dí àgbá pa. Mo gba ìyìn náà lọ́wọ́ wọn fún ọdún púpọ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ìyá, ẹ ṣeun. Èmi ni mo dí i.