E ma yo o, Láìsí Àmì

Ẹni tó bá sọ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò ní wàhálà, kó wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan. Kóòdù ni mò ń kọ, ṣùgbọ́n n kò ní ọ́fíìsì. Inú ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá mi, lójú títì kan nílùú Ìwó, ni mo gbé tábìlì mi sí, láàárín àpò gaàrí àti àpò ẹ̀wà, torí pé ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dáa jù. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e. Tí atẹ́gùn bá fẹ́, ìyẹ̀fun á bo kọ̀ǹpútà mi, màá máa sín, àwọn tó ń kọjá á sì máa kí mi pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Mọ́mì ni mò ń pe àbúrò ìyá mi yìí, torí pé àwọn ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìjọba ń gbé ìyá mi, tó jẹ́ olùkọ́, lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn. Àwọn àti àwọn ìyá ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìkànnì kan lórí ayélujára. Wọ́n á kó ọjà láti Kuta, Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà. Oníbàárà tó wà n'Íbàdàn á ṣí ìkànnì náà lórí fóònù rẹ̀, á mú ohun tó wù ú, dírẹ́bà á sì gbé e lọ fún un. Kí ìkànnì yìí tó dé, Mọ́mì fúnra wọn ni í gun ọkọ̀ tẹ̀ lé ẹrù. Orúnkún wọn ni kò gbà fún wọn mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbẹ̀yìn, ńṣe ni wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé àpótí. Mọ́mì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín títí tí wọ́n fi wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n wá sunkún. Mo gbọ́ ọ láti pálọ̀, ó sì dùn mí débi pé n kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ìkànnì tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ọkọ̀ yìí ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Èèyàn á ṣí i, nǹkan roboto kan á máa yí lójú fóònù, á máa yí, títí oníbàárà á fi bínú tì í, tí á lọ ra gaàrí lọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́bàá ilé rẹ̀. Ọ́dà táwọn oníbàárà ń fi ránṣẹ́ wá ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Mọ́mì pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kọ̀ǹpútà náà lo lọ kọ́ ní yunifásítì?"

"Òun ni, mà."

"Kí ló wá dé tí nǹkan yìí fi ń yí bí òòyì? Oníbàárà mi kan pè mí lánàá pé ṣé kò sí nǹkan o, pé òun rò pé mo ti kú ni."

"Ẹ ò ní kú, mà. Mò ń wá ohun tó fà á."

"Máa wá a. Àmọ́ mo ti bá dírẹ́bà sọ ọ́. Tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀ tí kò bá yára, màá bá ẹrù mi lọ s'Íbàdàn, kí n lọ bẹ àwọn oníbàárà mi lójúkojú."

"Pẹ̀lú orúnkún wo, mà?"

"Pẹ̀lú èyí tí Ọlọ́run fún mi."

Tí Mọ́mì bá ti mú Ọlọ́run wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo kọjú sí kọ̀ǹpútà.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ọ̀daràn náà. Ẹni tó kọ ìkànnì yìí ṣáájú mi ni Bọ̀ọ̀dá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi wa, tí iṣẹ́ ti gbé lọ sí Àbújá. Wọ́n fi kóòdù kan síbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ bí ìkànnì ṣe ń yára sí. Olùṣọ́ ni wọ́n sọ ọ́. Bí oníbàárà bá ti ṣí ojú ìwé kan, Olùṣọ́ á wo aago, á kọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó ṣí, á sì fi í ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan lókè òkun tó ń bá èèyàn kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ. Èrò náà kò burú. Àmọ́ àsìkò ọ̀fẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fún wa ti tán tipẹ́, wọ́n ti tìlẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tó ń ka ìròyìn kankan nínú wa. Olùṣọ́ kò gbọ́. Á kanlẹ̀kùn, á dúró, kò ní sí ìdáhùn, á tún un kàn. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀wà á sì dúró tì í. Ohun tí a gbé síbẹ̀ kó máa wò bóyá à ń yára, òun gan-an ló ń fà wá láṣọ sẹ́yìn.

Inú bí mi. Mo bú Bọ̀ọ̀dá nínú ọkàn mi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́, nítorí náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi bú wọn: "Orí yín ò pé, sà."

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n yọ ọ́ dànù. Ìlà kan ló dá mi dúró. Sókè pátápátá, níbi tí Olùṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá kọ irú ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kì í kà, èyí tí a máa ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò bá iṣẹ́ náà lẹ́yìn wa. Báyìí ni wọ́n kọ ọ́:

e ma yo o

Kò sí àmì lórí, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù nìyẹn, à ń retí pé kí ẹni tó ń kà á fi ọgbọ́n inú bá wa fi àmì sí i. Mo kà á ní "Ẹ má yọ ọ́," mo gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Mo tún un kà, ó di "Ẹ máa yọ ọ́," mo dá ọwọ́ padà. Mo pe Bọ̀ọ̀dá, fóònù wọn kò lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kò sí èsì. Mo tún gbọ́wọ́ kúrò.

"Kí lò ń gbọ́wọ́ sókè sódò sí?" Mọ́mì bi mí. "Ṣé o ti ń gbàdúrà fún un ni?"

Mo ṣàlàyé fún wọn. Alhaja tó ń ta èlùbọ́, ọ̀rẹ́ wọn láti ìgbà ọmọge, gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà tiwọn, wọ́n sì gbé àga wọn wá. Mo ka ìlà náà fún àwọn méjèèjì láìgbé ohùn sókè tàbí sódò, bí ẹni tí eyín ń dùn.

"'Ẹ má yọ ọ́' ni," Alhaja sọ. "Ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, mà?"

"Ìyàwó ọmọ mi ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ó kọ ọ́ sí mi láti Ilé-Ogbó pé 'e ma wa lola.' Èmi kà á ní 'Ẹ máa wá lọ́la.' Mo di èlùbọ́, mo so adìyẹ lẹ́sẹ̀, mo lọ. Àṣé 'Ẹ má wá lọ́la' ló wí, wọ́n ti rìnrìn àjò. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Èmi àti adìyẹ la jọ jókòó síbẹ̀ tá à ń wo ara wa. Látọjọ́ náà, gbogbo 'ma' tí kò bá lámì lórí, 'má' ni mò ń kà á. Ẹ má lọ, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kò tíì kó mi sí wàhálà rí."

"Alhaja, ẹni tó bá fi ìyẹn gbé ayé, ebi ni yóò pa á," Mọ́mì fèsì. "Àbí 'Ẹ máa yó o' ni ọmọkùnrin yẹn kọ? Oúnjẹ ṣáà la ń tà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí Alhaja fi di ògiri mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ ló wà lọ́kàn mi.

Nígbà tí Mọ́mì rẹ́rìn-ín tán, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn gbọ́n o. Tó bá jẹ́ pé ó ní ká má yọ ọ́ lóòótọ́, ó nídìí. Tí èyí tó ń falẹ̀ yìí bá tún wá kú pátápátá ńkọ́?"

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹpọ̀n," Alhaja wí, wọ́n sì bẹ̀ wá pé ká foríjì àwọn, pé bí àwọn àgbà ṣe ń pa á nìyẹn.

Òwe náà bá mi lára mu. Mo ṣe ẹ̀dà ìkànnì náà sórí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí oníbàárà kankan kò ti lè rí i. Mo wá orúkọ oluso, bí Bọ̀ọ̀dá ṣe kọ ọ́ láìsí àmì, káàkiri inú kóòdù, kí n lè mọ̀ bóyá ibì kan wà tó ń lò ó. N kò rí ibì kankan. Mo ní ó tán. Mo pa á rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi bí ìgbà téèyàn bọ́ bàtà tó ń há a lẹ́sẹ̀. Mo ṣí ẹ̀dà náà wò. Kó tó di pé mo ṣẹ́jú, ojú ìwé ti ṣí. Mo pariwo. Mọ́mì sáré dé, bí orúnkún ṣe jẹ́ kí wọ́n sáré tó. Wọ́n wò ó, wọ́n na ìka, wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí a kọ "Rà á" sí.

Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n tún un tẹ̀. Bọ́tìnnì náà wà níbẹ̀, ó rẹwà, ó ń wò wá.

"Mo sọ!" Alhaja wí láti ẹ̀yìn wa. "'Má' ni!"

Mọ́mì kò bá mi wí. Ìbá sàn kí wọ́n bá mi wí. Wọ́n rọra jókòó, wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n pe dírẹ́bà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un pé kó má gbàgbé àwọn ní Ọjọ́bọ̀, pé kó tètè dé kí àwọn lè rí àyè rọra gun ọkọ̀. Ohùn wọn tutù. Ìbẹ̀rù mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ dá Olùṣọ́ padà sáyè rẹ̀, kí n sì lọ wá iṣẹ́ míì kọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Mo ṣí kóòdù bọ́tìnnì náà, mo kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Bọ̀ọ̀dá ti ní kí bọ́tìnnì máa sùn títí Olùṣọ́ yóò fi ké sí i pé òun ti dé. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti kọ igbe náà, oluso kọ́ ni wọ́n kọ. Olusho ni wọ́n kọ. Ọwọ́ kan náà, iṣẹ́ kan náà. Níhìn-ín ṣ di s, lọ́hùn-ún ṣ di sh, bó bá ṣe bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Mo ti ń wá ẹnì kan nílé, kò sì dáhùn torí pé orúkọ rẹ̀ kejì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo fi ìbínú lu tábìlì, gaàrí dà sílẹ̀, mo gbá a.

Àtúnṣe náà kò le. Mo ní kí bọ́tìnnì máa jí fúnra rẹ̀ bí ojú ìwé bá ti ṣí, kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Mo wá olusho náà káàkiri, mo yọ gbogbo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò pariwo. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Mọ́mì níbi tí wọ́n jókòó sí, mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó gbà. Wọ́n wo Alhaja, Alhaja wo òrùlé.

Bí mo ṣe fẹ́ gbé e sórí ìkànnì gidi ni fóònù mi dún. Bọ̀ọ̀dá ni.

"Ẹ káàsán, sà. Ìlà tí ẹ kọ sókè Olùṣọ́, ṣé ká má yọ ọ́ ni, àbí ká máa yọ ọ́?"

"Ìlà wo?"

"e ma yo o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Háà! 'Ẹ máa yọ̀ o' ni! Ọjọ́ tí ìkànnì yẹn kọ́kọ́ ṣí ni mo kọ ọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo ní kí ẹni tó bá kà á bá mi yọ̀."

"Olùṣọ́ wá ńkọ́, sà?"

"Olùṣọ́ wo? Háà, ó ṣì wà níbẹ̀? Mo kàn fi dán nǹkan wò ni, mo gbàgbé ẹ̀ ni jàre. Yọ ọ́ kúrò! Bá mi kí Mọ́mì."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. N kò lè sọ ohun tí mo tún bú wọn nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n "sà" wà nídìí rẹ̀.

Mo gbé e sórí ìkànnì gidi kí ọjà tó tú lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ọ́dà dé láti Ìbàdàn, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Mọ́mì rí i, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù, ṣùgbọ́n wọn kò pe dírẹ́bà padà. N kò bi wọ́n. Ẹni tí nǹkan bá ti já kulẹ̀ rí kì í tètè gbara lé e.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ fọn fèrè níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mọ́mì ti wé gèlè, wọ́n ti gbé báàgì há apá. Dírẹ́bà di ẹrù sẹ́yìn, ó wá ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún wọn, ó na ọwọ́ láti fà wọ́n gòkè. Mọ́mì wo àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà. Fóònù wọn dún nínú báàgì, wọ́n yọ ọ́, wọ́n wò ó: ọ́dà ni. Wọ́n dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń wo ojú fóònù.

"Mọ́mì, ẹ gòkè, mà," dírẹ́bà wí. "Oòrùn ti ń yọ."

"Àpò gaàrí kan ṣẹ́kù nínú ilé," ni Mọ́mì fi dá a lóhùn. "Lọ gbé e wá, kó jókòó síbẹ̀."

Dírẹ́bà rò pé wọ́n ń ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti yí padà sínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpò gaàrí náà síwájú, ó sì fi bẹ́líìtì dè é. Omi kún ojú mi, n kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mọ́mì jókòó, wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fa àpótí kan mọ́ra, wọ́n sì na ẹsẹ̀ wọn lé e.