Alágbàfọ̀ Tí Kì Í Gun Afárá

Ìyá Rí-Mi-Lára ni gbogbo àdúgbò ń pe alágbàfọ̀ náà, wọn ò sì pè é ní ohun tí kò jẹ́. Bó bá ti gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, á yí ọrùn ẹ̀wù síta, á wo ìdọ̀tí tó dì síbẹ̀, á pòṣé. "Ó rí mi lára! Ṣé ọrùn rèé àbí ìdí ìkòkò?" Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ pé aṣọ yẹn ò ní kúrò níbẹ̀ láìmọ́. Kí ìyá tó ká aṣọ lélẹ̀, á gbé abíyá aṣọ náà sí imú, á fà á símú dáadáa. Tó bá ti ní, "Ó yá, ẹ máa gbé e lọ," ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Imú yẹn ló fi ń jẹun. Iṣẹ́ ò sì tán, nítorí bí iná ò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò lè tán ní èékánná.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù ju ẹ̀gbin lọ: afárá. Odò ńlá ló pín ìlú náà sí méjì, afárá gígùn kan ló so ó pọ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge, ó wà láàárín afárá náà nígbà tó mì tìtì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn, pé èyí tí kò bá mì ló ń dá. Ó ní kí wọ́n lọ sọ ìyẹn fún ẹja. Láti ọjọ́ náà, ìbẹ̀rù ejò ò jẹ́ kó tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀: pákó tí wọ́n gbé lé gọ́tà pàápàá, á yí gba ìkángun òpópónà ni kó má bàa tẹ̀ ẹ́.

Bó ṣe wà nìyẹn tí onílé fi ní òun fẹ́ wó ilé òun tún kọ́, kí gbogbo ayálégbé kó jáde. Ọmọbìnrin ìyá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé lódìkejì odò, ti bá a rí yàrá méjì nítòsí tirẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá tí oòrùn ń wọ̀ dáadáa.

"Ìyá mi, oyún mi ti ń sún mọ́ ìbí. Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ta ni kó bá mi gbé ọmọ?"

"Ṣé afárá náà ni mo máa gbà?"

"Kò sí ọ̀nà míì, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́."

"Jẹ́ n wá yàrá ní ìhín."

Ohun tí ojú ń wá lojú ń rí. Nínú yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó kó jáde ti gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ sójú fèrèsé, ó sì tò wọ́n bí ẹni pé ó fẹ́ tà wọ́n. Ní ilé kejì, ògiri ti bu dúdú, omi ń sun lára rẹ̀. Onílé dúró níwájú ibi ìfọwọ́ tí gbogbo ayálégbé ń lò, ó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú rẹ̀, ó fọwọ́ nu ètè, ó wá na ọwọ́ kan náà sí i pé kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ìyá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ọ̀bùn ayé pọ̀ ju ọṣẹ lọ!

Ọjọ́ Àìkú ló débi ilé kẹta. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, omi ẹ̀rọ ń dà ṣàà, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ fún okùn ìsáṣọ. Ògiri gíga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló wà lẹ́yìn ibí yìí?"

"Ilé iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ bàtà," ni onílé wí, kò sì wo ojú rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò jókòó síta, wọ́n ń wò ó. Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ìyá sanwó, ó kó wọlé lọ́jọ́ náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsinmi, ni wọ́n tún ṣí ilé iṣẹ́ náà. Awọ màlúù tútù, tòun ti irun tòun ti ọ̀rá, ni wọ́n ń rẹ sínú àmù ńláńlá kó tó di bàtà. Omi rẹ̀ ń ṣàn gba iwájú ilé, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, irun ń léfòó lórí rẹ̀. Òórùn tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ẹran tó kú sínú omi ọṣẹ. Ìyá bì títí tí ikùn rẹ̀ fi gbẹ. Àmọ́ tó bá kúrò níbẹ̀, ó di afárá. Ló bá fi aṣọ di imú, ó ń fọṣọ.

Nígbà tó yá, òórùn náà lọ sílẹ̀. Ó rò pé àwọn aláwọ ló tún nǹkan ṣe, ó tiẹ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń dín kù. Tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀ ò wá mọ́. Onígbàjámọ̀ tó máa ń kó tówẹ́ẹ̀lì wá ní òun ti ń fọ̀ ọ́ fúnra òun. Ìyá bá ọṣẹ jà, ó pààrọ̀ rẹ̀, ó bá sítáàṣì náà jà. Òkè ló ń wò, kò wo ìsàlẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ bímọ. Ìyá fọ aṣọ ọmọ náà bí ẹni ń fọ ẹyin, ó lọ̀ ọ́, ó fi í símú, ó ní ó dára, ó fi rán àna rẹ̀. Nígbà tí ara ọmọbìnrin rẹ̀ le, ó wá kí i, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Ọmọ mi dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ìyá mi, ẹ má bínú. Àwọn aṣọ tẹ́ ẹ fọ̀ ránṣẹ́ yẹn, mo tún wọn fọ̀."

"O ṣe kí ni?"

"Wọ́n ń rùn, mà. Gbogbo ibí ló ń rùn. Mi ò lè gbé ọmọ ọwọ́ wá síbí."

Ìyá já ẹ̀wù kan lórí okùn, ó fi í símú. Ọṣẹ nìkan ló gbọ́. "Èmi tí mo fi aṣọ fífọ̀ rán ọ níwèé! Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ohun tó ń rùn?"

"Imú yín ló ti mọ́ ọn lára," ni ọmọ náà wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìbínú ò jẹ́ kí ìyá jókòó ní ọjọ́ kejì. Ó wọ ẹ̀wù tó dára jù tó ní, èyí tó fọ̀ tó sì lọ̀ fúnra rẹ̀, ó forí lé afárá. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi imú ara rẹ̀ gbọ́ ọ, kó sì bẹ òun. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú gírígírí, ó ń ṣépè fún ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tó dé àárín, kò lè tẹ̀síwájú mọ́. Ó jókòó síbẹ̀, ó dijú pinpin, atẹ́gùn odò ń fẹ́ sí i lójú títí oòrùn fi ga.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Awọ tútù, ọ̀rá, ẹran tó kú sínú omi ọṣẹ. Ó lajú, ó wo ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ bí ẹni wo ìgbẹ́. Ọkùnrin náà lọ, òórùn ò bá a lọ. Ó wo odò lábẹ́ rẹ̀, omi náà mọ́. Ló bá gbé abíyá ẹ̀wù ara rẹ̀ sí imú.

Ara rẹ̀ rí i lára. Ó wo ẹ̀yìn, ibi tí òórùn náà ti wá ló wà níbẹ̀. Ó dìde, kò di irin kankan mú mọ́, ó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kì í ṣe pé ó gbóyà. Ìríra ló gbé e kọjá.

Ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó pariwo ayọ̀, ó na ọmọ ọwọ́ náà sí i. Ìyá fà sẹ́yìn dé ẹ̀bá ògiri.

"Má gbé e fún mi," ló wí. "Bu omi fún mi ná, kó o sì mú ọṣẹ wá."